Gbígbọ́ Ìró, Gbígbọ́ Èdè: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Janet Cardiff ní Ilé-Ìkàwé Whitechapel

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti yẹ iṣẹ́ ọnà kan wò, èyí tí Janet Cardiff, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, gbé kalẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1999. The Missing Voice: Case Study B ni orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ náà. Àjọ Artangel, tí ó máa ń ran àwọn oníṣẹ́-ọnà lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ níbi tí kì í ṣe gbọ̀ngàn àfihàn, ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ère tí a gbẹ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò fi ohun ìgbọ́hùn há etí rẹ̀ méjèèjì, yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé-ìkàwé Whitechapel ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, yóò sì máa tẹ̀lé ohùn obìnrin kan gba àwọn òpópó Spitalfields kọjá títí yóò fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Liverpool Street. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan.

Iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ irú èyí ni a ó máa pè ní máàpù ìmọ̀lára. Ohun tí a ní lọ́kàn ni iṣẹ́ tí oníṣẹ́-ọnà fi etí, imú, àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí awọ ara ṣe àkọsílẹ̀ ilé kan àti àyíká rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tipasẹ̀ rẹ̀ mọ ibẹ̀. Ìyìn tí a sábà máa ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ó já ènìyàn gbà lọ́wọ́ ojú, ó sì dá etí padà sí ipò tí ó tọ́ sí i. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ojú lè ṣi ilẹ̀ mọ̀. Etí pẹ̀lú lè ṣi ilẹ̀ mọ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ̀ bóyá máàpù ìmọ̀lára kan mọ ibi tí ó sọ pé òun mọ̀? A ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí a ní nínú èdè Yorùbá, ìyẹn gbọ́, lè fún wa ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, àti pé bí a bá fi wọn iṣẹ́ Cardiff, a ó rí ibi tí ó ti yege àti ibi tí ó kù sí.

2.0 Àwọn tí ó ti ya máàpù ṣáájú

Máàpù tí ó wọ́pọ̀ jù, ojú ni a fi ń ṣe é, ojú náà ni a sì fi ń kà á. Nígbà tí Kevin Lynch, onímọ̀ nípa ètò ìlú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé rẹ̀, The Image of the City, ní ọdún 1960, ó wádìí bí àwọn ará Boston, Jersey City àti Los Angeles ṣe ń mọ̀nà nínú ìlú wọn. Ohun márùn-ún ni ó fà yọ: ọ̀nà, ààlà, àdúgbò, oríta àti àmì-ilẹ̀. Ohun àfojúrí ni gbogbo wọn. Ní ọdún 1969, Michael Southworth gbé èsì ìwádìí tí ó ṣe lórí ìró ìlú Boston jáde, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé etí náà ń mọ̀nà. Ní Kánádà, R. Murray Schafer, tí ó jẹ́ olórin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Simon Fraser gba ìró ìlú Vancouver sílẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1973. Ọ̀nà tí wọ́n là yìí ni Cardiff wá gbà. Ọdún 1991 ni ó ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn iṣẹ́ ìrìn rẹ̀, ní ìlú Banff.

Àdúgbò Whitechapel tí Cardiff wá yà ní máàpù kì í ṣe ibi tí ẹnìkan kò yà rí. Ní ọdún 1889, Charles Booth, oníṣòwò ọlọ́rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé máàpù ìṣẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù jáde. Àwọ̀ ni ó fi ń sọ irú ẹni tí ń gbé òpópó kọ̀ọ̀kan. Yẹ́lò ni ti àwọn ọlọ́rọ̀; dúdú ni ti àwọn tí ó kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè ní ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n ń tún máàpù náà ṣe ní òpin ọ̀rúndún náà, àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ni àwọn olùrànlọ́wọ́ Booth ń bá rìn láti òpópó dé òpópó. Kókó tí ó yẹ kí a dì mú níhìn-ín ni pé àlejò ni ó ń rìn, ọlọ́pàá ni ó ń júwe ọ̀nà, ohun tí àlejò náà sì bẹ̀rù ni ó di àwọ̀ lórí ìwé. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni àlejò mìíràn tún wá rìn níbẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó ń júwe ọ̀nà fún òun.

3.0 Ilé náà àti àdúgbò rẹ̀

Ọdún 1892 ni a ṣí ilé-ìkàwé Whitechapel. John Passmore Edwards, ọlọ́rọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé-ìròyìn, fi owó ran kíkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní àkókò yẹn, àwọn Júù tí inúnibíni lé kúrò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Yúróòpù ni ó pọ̀ ní àdúgbò náà. Yídíìṣì ni èdè ilé wọn. Ilé wọn há, òtútù sì mú. Ilé-ìkàwé náà ni ibi tí ọmọ aránṣọ ti lè rí ìmọ́lẹ̀, ìjókòó àti ìwé láìsan kọ́bọ̀. Akéwì Isaac Rosenberg, tí ó kú sójú ogun ní ọdún 1918, wà lára àwọn tí ó jàǹfààní ilé yìí. Wọ́n tilẹ̀ fún ilé náà ní orúkọ àdàpè, pé yunifásítì ni fún àwọn tálákà Júù tí ó há mọ́ àdúgbò náà.

Nígbà tí àwọn Júù ń ṣí lọ sí apá ibòmíràn ní ìlú náà, àwọn ará Bẹ̀ngálì, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Sylhet, ni ó ń gba ipò wọn. Ilé kan wà ní Brick Lane, tí kò jìnnà sí ilé-ìkàwé náà, tí ó sọ ìtàn yìí ju ìwé lọ. Ní ọdún 1743, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó sá wá láti ilẹ̀ Faransé, ni. Lẹ́yìn náà, ó di ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ó di sínágọ́gù. Ní ọdún 1976 ó di mọ́ṣáláṣí. Ògiri kan náà ni, ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń gbàdúrà nínú rẹ̀ ń yí padà. Ẹni tí ó bá fi ojú nìkan wo ilé náà, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni yóò rí. Etí ni yóò sọ ohun tí ó dà.

Ìtàn àdúgbò náà ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1978, a pa Altab Ali, ọ̀dọ́mọkùnrin Bẹ̀ngálì kan tí ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán, ní tòsí ilé-ìkàwé náà, nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Ní ọdún 1998, a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà ìgbafẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1999, ọdún kan náà tí iṣẹ́ Cardiff jáde, bọ́m̀bù tí ẹnìkan tí ó kórìíra àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé kalẹ̀ bú ní Brick Lane, ó sì ṣe ènìyàn mẹ́tàlá léṣe. A mẹ́nu ba ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí nítorí pé ìbẹ̀rù ni ọ̀pá tí ó gbé iṣẹ́ Cardiff dúró. Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn onílé pẹ̀lú ní ìbẹ̀rù tiwọn.

4.0 Gbọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Mo gbọ́ ìró ìlù.
 b. Mo gbọ́ òórùn ẹja gbígbẹ.
 d. Ó gbọ́ èdè Haúsá.
 e. Ọmọ náà gbọ́rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú (1a), iṣẹ́ etí ni. Nínú (1b), iṣẹ́ imú ni. Nínú (1d), kì í ṣe etí ni a ń sọ mọ́, òye ni. Ènìyàn lè gbọ́ ìró Haúsá láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú ọjà Ṣáṣá kí ó má sì gbọ́ Haúsá. Nínú (1e), òye pàápàá kò tó. Ọmọ náà ní láti ṣe ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, tí ó gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, tí kò sì mira, ohun tí a ó sọ ni pé kò gbọ́.

Kì í ṣe pé a fẹ́ fi èyí sọ pé èdè Yorùbá gbọ́n ju èdè mìíràn lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí to àwọn ìpele kan lẹ́sẹẹsẹ fún wa, tí lámèyítọ́ lè lò: ìpele kìn-ín-ní, gbígbọ́ ìró àti òórùn, ìpele kejì, gbígbọ́ èdè, ìpele kẹta, gbígbọ́ràn, ìyẹn ni pé kí ohun tí a gbọ́ yí ohun tí a ń ṣe padà.

Àwọn ìpele yìí kì í ṣe ohun tuntun láwùjọ wa. Ààfin ọba jẹ́ ilé tí a ń fi etí mọ̀. Àwọn onílù tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà a máa fi oríkì kí àlejò pàtàkì bí ó ti ń wọlé, àwọn tí ó wà nínú yóò sì ti mọ ẹni tí ń bọ̀ kí wọ́n tó fojú kàn án. Ṣùgbọ́n ìlù náà kò lè jẹ́ máàpù fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ariwo ni yóò jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí etí rẹ̀ mú tó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Onílù kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni kò dọ́gba.

5.0 Iṣẹ́ Cardiff lórí òṣùwọ̀n yìí

5.1 Ìpele ìró

Ní ìpele kìn-ín-ní, a kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí Cardiff lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tí ó fi ń gba ohùn sílẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ kékeré méjì ni ó ń lò, tí a fi sí ibi tí etí ọ̀tún àti etí òsì máa ń wà lára orí ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ohun ìgbọ́hùn há etí yóò gbọ́ ìró kọ̀ọ̀kan láti ìhà tí ó ti wá gan-an. Ẹni tí ń kọjá lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni a ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti ọ̀tún, ọ̀tún ni a ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń rìn fi máa ń bojú wẹ̀yìn wò, tí kò sì ní rí ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1999, orí káńtà ilé-ìkàwé náà ni a ti ń yá ẹ̀rọ tí ń lu sídíì, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń yá ìwé. Ohùn obìnrin náà a sì darí olùgbọ́ sí ibi tí a to ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí, kí ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ohun tí ó dára nínú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni bí ó ṣe lo ìdákẹ́jẹ́ ilé náà. Ilé-ìkàwé jẹ́ ibi tí a kì í pariwo. Ìdí nìyẹn tí ìró kékeré fi máa ń hàn níbẹ̀: ìwé tí a ṣí, ìjókòó tí a fà, ẹsẹ̀ tí ń lọ lórí ilẹ̀. Ìró tí a gbà sílẹ̀ àti ìró tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ a wá dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Olùgbọ́ kò mọ èwo ni ti òní, èwo ni ti ọjọ́ tí Cardiff wá síbẹ̀. Èyí ni ohun tí máàpù ojú kò lè ṣe. Máàpù ojú a máa sọ ibi tí ilé wà. Iṣẹ́ yìí ń sọ bí ó ṣe rí láti wà nínú rẹ̀, ní àkókò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn yóò bọ́ sí ìta, tí ìtàn náà yóò sì máa já wọ inú ara rẹ̀: obìnrin kan tí ó sọnù, ọkùnrin kan tí ń wá a, irun àtọwọ́dá pupa, ohùn tí a gbọ́ láti inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Cardiff mú ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, ó sì ní kí olùgbọ́ bá òun rìn déédéé. Kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì yóò fi máa lọ pọ̀. Ọ̀nà yìí ni ó fi mú òpópó, ohùn àti ara olùgbọ́ di ohun kan ṣoṣo, kò sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

5.2 Ìpele èdè

Ní ìpele kejì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Gbogbo ìtàn àti ìtọ́nisọ́nà inú iṣẹ́ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Èdè Bẹ̀ngálì, Yídíìṣì tàbí èdè mìíràn tí ó ti gba àdúgbò náà kọjá kò ní ipa kankan tí wọ́n ń kó nínú ìtàn náà. Ohùn àwọn tí ń gbé ibẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ dún, gẹ́gẹ́ bí ìró ọkọ̀ àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ṣe ń dún: ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé a wà nínú ìlú, kò sì sọ nǹkan kan fún wa. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A lè fi kún un pé ó létí pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé Cardiff kò pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó mọ Whitechapel. Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé láti inú ipò obìnrin tí ó dá wà nínú ìlú ńlá, tí ń ṣọ́ra, tí ẹ̀rù sì ń bà, ni iṣẹ́ náà ti jáde. A gbà pé òtítọ́ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ẹwà iṣẹ́ náà. Kò ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ onílé. Ohùn rẹ̀ ń ṣiyèméjì, ìtàn rẹ̀ kò parí, nígbà tí ó sì mú olùgbọ́ dé Liverpool Street, ó fi í sílẹ̀ láàárín èrò kí ó wá ọ̀nà padà fúnra rẹ̀. Àlejò tí ó jẹ́wọ́ pé àlejò ni òun sàn ju àlejò tí ń kun òpópó ẹlòmíràn ní dúdú lọ. Níhìn-ín ni Cardiff ti yàtọ̀ sí Booth.

Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ kò sọ ẹni di ẹni tí ó gbọ́ èdè. Ìbẹ̀rù obìnrin tí ó ń dá rìn jẹ́ ohun gidi, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìṣòro tí ó wà ni pé nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbogbo ẹni tí ń kọjá ni a ń fura sí. Àdúgbò tí a pa àwọn obìnrin nínú rẹ̀ ní ọdún 1888, tí ayé kò sì yé fi ìtàn wọn dárayá láti ìgbà náà, ti ní òkìkí ìbẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ọmọ Bẹ̀ngálì tí ó wà ní ìdí òpópó ní ọdún 1999 ní ìdí tí ó lágbára láti bẹ̀rù ẹni tí ń kọjá. Nínú iṣẹ́ yìí, òun ni ó di ẹni tí ń kọjá. Bí a bá bi ìtàn náà pé ohùn ta ni ó sọnù, ohùn obìnrin tí a ń wá ni yóò tọ́ka sí. Ohùn tí a kò wá ni ti àwọn tí ó jókòó sí ìdí tábìlì nínú ilé-ìkàwé kan náà, tí wọ́n ń kàwé ní èdè tí iṣẹ́ náà kò gbọ́.

5.3 Ìpele ìgbọ́ràn

Ní ìpele kẹta, iṣẹ́ náà ní ìtakora kan tí ó yẹ kí a kíyè sí. Kò sí iṣẹ́ ọnà tí ó ń fẹ́ ìgbọ́ràn tó èyí. Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ yà sí òsì nígbà tí a bá ní kí ó yà, kí ó dúró nígbà tí a bá ní kí ó dúró. Bí kò bá gbọ́rọ̀ sí ohùn náà lẹ́nu, ó ti sọnù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn tí ń béèrè ìgbọ́ràn yìí, ǹjẹ́ òun gbọ́rọ̀ sí àdúgbò náà lẹ́nu? Ní èrò tiwa, kò gbọ́. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó ń darí, àdúgbò ni ó ń tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn kan náà lọ sí ìlú ńlá mìíràn tí ó ní ilé-ìkàwé, òpópó tóóró àti ibùdókọ̀ ojú irin: ìró ni yóò yí padà, eegun ìtàn náà lè dúró bí ó ti wà. Máàpù tí eegun rẹ̀ kò bá ilẹ̀ tí a yà mulẹ̀ kù díẹ̀ káàtó.

6.0 Àfiwé pẹ̀lú iṣẹ́ méjì mìíràn

Kí a má baà rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni òṣùwọ̀n yìí ń béèrè, ẹ jẹ́ kí a wo oníṣẹ́-ọnà méjì mìíràn ní ṣókí. Ọ̀kan lo imú, èkejì lo etí.

Kate McLean ya máàpù òórùn ìlú Edinburgh ní ọdún 2011. Ó kọ òórùn ọkà tí a fi ń pọn bíà sí i, òórùn ẹja díndín, ti àwọn ẹyẹ penguin inú ọgbà ẹranko, ti ilé ìtọ̀ ọmọkùnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ó sì fi bí atẹ́gùn ṣe ń gbé wọn káàkiri hàn. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, pàápàá ní Amsterdam, ó kó àwọn ènìyàn jọ láti jọ rìn, tí olúkúlùkù ń kọ òórùn tí ó gbọ́ àti ohun tí ó rán an létí sílẹ̀. Imú púpọ̀ ni ó ya máàpù náà, kì í ṣe imú ẹyọ kan. Òórùn kò ní gírámà bí èdè, ṣùgbọ́n ó ní onírántí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí mọ ohun tí òórùn ọkà náà ń wí. Àlejò mọ̀ pé nǹkan ń rùn ni. Nípa bíbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbọ́ òórùn náà, McLean ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìpele kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹyọ ilé kan tí ó yẹ̀ wò jinlẹ̀ tó bí Cardiff ti yẹ ilé-ìkàwé rẹ̀ wò.

Èkejì ni Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Enugu ní ọdún 1977. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni ó ti ń gba ìró ìlú Èkó sílẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ sí àwọn ìlú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kí wọ́n gbọ́ ọ níbẹ̀. Ohùn àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ dáńfó gba ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó mọ Èkó mọ̀ pé ìpè kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í ṣe ariwo. Bí ó bá pe Ọ̀jọ́tá, tí ó pe Kẹ́tu, tí ó pe Máìlì 12, ọ̀nà Ìkòròdú ni ó ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá sì ní kí èrò mú ṣéńjì dání, ètò ọrọ̀-ajé inú ọkọ̀ náà ni ó ń sọ. Máàpù ni, ẹnu ni a fi yà á. Nínú iṣẹ́ Ogboh, èdè wà nínú ìró náà fúnra rẹ̀. Gbé e lọ sí ibikíbi, yóò pín àwọn olùgbọ́ sí méjì: ẹni tí ó gbọ́ ariwo àti ẹni tí ó gbọ́ ọ̀nà. Àlébù tirẹ̀ ni pé kì í sábà ran apá kìn-ín-ní lọ́wọ́ láti di apá kejì. Òyìnbó tí ó dúró níwájú ẹ̀rọ náà yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ láìgbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ohun tí a kò rí nínú iṣẹ́ Cardiff nìyí.

7.0 Ohun tí ó dé bá ilé náà

Bí iṣẹ́ yìí bá jẹ́ ti ìgbádùn nìkan, à bá dákẹ́ síbí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, a ti ilé-ìkàwé Whitechapel pa. Ilé-ìkàwé tuntun tí wọ́n pè ní Idea Store ni a ṣí ní ojú ọ̀nà Whitechapel Road láti rọ́pò rẹ̀. Gbọ̀ngàn àfihàn iṣẹ́ ọnà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ náà, Whitechapel Gallery, gbà á mọ́ tirẹ̀, ó sì ṣí i ní ọdún 2009. Ògiri wà, àtẹ ìwé kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn Cardiff níbẹ̀ lónìí yóò gbọ́ ilé-ìkàwé tí kò sí.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti kúrò ní máàpù, tí ó ti di ẹ̀rí. Níbi tí a ti ń béèrè bóyá ó bá ibẹ̀ mu, a ti wá ń béèrè ohun tí ó pa mọ́ fún wa. Ó pa ìró inú ilé náà mọ́, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àwòrán tí ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ilé náà di ilé-ìkàwé kì í ṣe ìró ìjókòó. Àwọn òǹkàwé ni: ẹni tí ó wá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó wá ka ìwé-ìròyìn ilé rẹ̀, ọmọdé tí ń túmọ̀ lẹ́tà ìjọba fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ Cardiff wà nínú ilé náà, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a kò gbọ́ nígbà tí ó ń dún, a kò lè padà lọ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Òṣòdì tí ó ti bo ojú ọ̀nà. Fọ́tò Òṣòdì àtijọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ìpolówó tí olúkúlùkù oníṣòwò ń ké, bí ó ṣe yàtọ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àti èdè tí a fi ń ná ọjà, àfi ẹni tí ó gbọ́ èdè náà nígbà tí ó ń dún ni ó lè sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ gba ohùn sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, ní ọjà àti ní àgbàlá ilé àtijọ́ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn wà nínú ewu kan náà tí Cardiff bọ́ sí. Ẹ̀rọ ń dára sí i lójoojúmọ́, ó sì lè mú kí a rò pé nígbà tí ohùn ti wọ inú ẹ̀rọ, a ti gbọ́. Ó yẹ kí orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ, ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún àti ìdí tí ó fi sọ ọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ohùn náà; ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ní ẹnu nínú ọ̀nà tí ìrìn yóò gbà.

8.0 Ìkádìí

Nínú pépà yìí, a ti fi ìpele mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́ ṣe òṣùwọ̀n fún máàpù ìmọ̀lára. A rí i pé The Missing Voice gbọ́ ìró ilé-ìkàwé Whitechapel àti àyíká rẹ̀ dáadáa, kò gbọ́ èdè ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó béèrè lọ́wọ́ olùgbọ́ ìgbọ́ràn tí òun fúnra rẹ̀ kò fún àdúgbò náà. Èyí kò sọ ọ́ di iṣẹ́ tí kò dára. Iṣẹ́ ńlá ni, títì tí a sì ti ilé náà pa ti mú kí ó níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a pè é ní ohun tí í ṣe: máàpù etí àlejò kan tí ó dá wà, tí ẹ̀rù ń bà, tí ó sì sọ òtítọ́ nípa ìbẹ̀rù rẹ̀. Máàpù ilé-ìkàwé Whitechapel, tí àwọn tí ó kàwé nínú rẹ̀ yóò gbọ́ tí wọn yóò sì mọ̀ pé tiwọn ni, kò tíì sí nínú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé náà ṣì wà láàyè ní àdúgbò yẹn, wọ́n sì ní ẹnu. Ẹni tí yóò ya máàpù náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ èdè wọn.